Ìlú Mẹ́rin Péré Ni Mo Ṣí

Ẹ má tíì káàánú mi. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe ná, kí ẹ tó mọ̀ bóyá àánú ló kàn mí tàbí èébú.

Opó ni mí. Ọdún kẹsàn-án rèé tí ọkọ mi ti lọ. Aṣọ àlòkù, èyí tí à ń pè ní bọ́síkọ̀rọ̀, ni mò ń tà. Ìwé mẹ́ta ni mo kà, nítorí náà, bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wọ́, ẹ bá mi tò ó. Ọjà ló kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀, ọjà náà ló sì kọ́ mi ní ohun tí mo fi ba ayé ọmọ mi jẹ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin. Akọ̀wé ni mò ń pè é láti kékeré, torí kò sí ògiri kan nílé wa tí kò kọ nǹkan sí. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta jígí ojú, ṣùgbọ́n ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ ni kó máa kọ̀wé nípa géèmù, àwọn eré tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbá lórí tẹlifíṣọ̀n. Èmi ò mọ̀ pé ẹnì kan lè fi irú ìyẹn jẹun láyé yìí. Ọdún méjì ló fi ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn kan, tí wọn kì í dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ kan, olóòtú pè é. Obìnrin ni, kì í pariwo, kì í rẹ́rìn-ín.

"Géèmù tuntun kan ń jáde ní ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ló wí. "Àwọn tó ṣe é ti fún wa ní ọ̀kan ṣáájú. Gbá a dé òpin, kí o sọ fún àwọn òǹkàwé wa bó ṣe rí. Bí iṣẹ́ yìí bá dára, tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn, tìẹ ni."

Ọmọ mi jó yí pálọ̀ ká. Ó gbé mi, ó fẹ́ẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú.

Ọjọ́ kejì, ó yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún kán. Wọ́n fi pílásítà líle dì í láti ìka dé ìgúnpá, ó wá dà bí ẹni gbé odó kékeré kọ́rùn.

Mo ní, "Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ọwọ́ rẹ kán."

"Màmá mi, ẹni méjì mìíràn ló ń wo tábìlì yẹn. Tí mo bá ní ọwọ́ mi kán, wọ́n á kí mi kú ìpalára, wọ́n á sì gbé e fún wọn." Ó wá ń wo ọwọ́ mi. "Ẹ yá mi ní tiyín."

"Tèmi kẹ̀? Ọwọ́ tó ń já ìdì aṣọ? Ṣé orí rẹ náà kán ni?"

"Ẹ̀yin á máa tẹ̀ ẹ́, èmi á máa wò ó. Ojú mi, ọwọ́ yín."

Mo ní ká máa wò ó. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Mo gbà.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó jókòó tì mí lórí àga gígùn, ó ń kọ́ mi. Bọ́tìnì eléyìí fún fífò. Eléyìí fún idà. Eléyìí, kó gun ẹṣin. Mo tẹ èyí tí kò yẹ, ọkùnrin ogun náà fò láti orí òkè, ó kú.

"Màmá mi, ẹ ti pa á."

"Ta ló ní kó máa gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu báyìí? Ìwọ, dìde!"

Ó dìde lóòótọ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, ó ń kú, ó ń dìde. Mo bá sọ ọ́ ní Má-sinmi.

Jagunjagun ayé àtijọ́ ni Má-sinmi, láyé ìgbà tí kò tíì sí ìbọn. Ọba kan rán an pé kó lọ gba ìlú méjìlá padà lọ́wọ́ ọ̀tá. Tó bá dé ìlú, á gun ilé-ìṣọ́, á wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Á sọ̀ kalẹ̀, á pa àwọn tó ń ṣọ́ ẹnubodè. Á wá olórí wọn tó dé fìlà irin, á pa òun náà. Á ṣí ibodè, á ti iná bọ ilé oúnjẹ wọn, ibi tí wọ́n ń kó ọkà pamọ́ sí. Fèrè á dún, ó di ìlú kejì.

Ìlú kejì ńkọ́? Ilé-ìṣọ́, ẹnubodè, fìlà irin, iná, fèrè.

Nígbà tí ìlú kẹta fi tán lọ́jọ́ Àìkú, ọrùn mi ti le. "Akọ̀wé," mo ní, "ṣé kì í ṣe ìlú kan náà ni wọ́n ń kùn lọ́dà tuntun fún wa?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó jọ bẹ́ẹ̀, Mà. Ṣùgbọ́n mi ò lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ àfi tí a bá dé òpin. Iṣẹ́ mi nìyẹn, kí n dé òpin."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé ó sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà gbọ́ ọ. Etí mi kò di.

Láti ọjọ́ Ajé, yóò máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù jígí, nítorí ẹnu ló fi ń kí oníbàárà, kì í ṣe ọwọ́. Èmi kò ní lọ sọ́jà títí di Ọjọ́bọ̀. Màá gbá a lójúmọmọ, tó bá dé ní ìrọ̀lẹ́, màá ròyìn fún un. Àdéhùn wa nìyẹn. Mo fi ẹnu ara mi ní, "Má mikàn. Ìyá rẹ ni mí."

Ọjọ́ Ajé, mo ṣí ìlú kẹrin. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi yí ni mo fi ṣe é. Àtàǹpàkò mi méjèèjì wú. Mo kú ní ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá lọ́wọ́ onífìlà irin yẹn, mo sì bú u débi pé aládùúgbò kan ilẹ̀kùn, ó ní ṣé kò sí wàhálà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gun ilé-ìṣọ́ ìlú karùn-ún ni fóònù mi dún. Oníbàtà ni, obìnrin tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tèmi lọ́jà. Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ.

"Ìyá Akọ̀wé, o wà níbo? Ìdì aṣọ òtútù ti dé, kóòtù ni gbogbo rẹ̀! Aago mẹ́wàá ni wọ́n máa já a."

"Mo ń jagun ni."

"O ń ṣe kí ni?"

"Ogun. Mo wà lórí ilé-ìṣọ́."

"Ogun wo, ìwọ tí o kì í lè gun àpótí láìdi ìbàdí mú? Ó dáa, tí o bá pa wọ́n tán, kí o máa bọ̀. Àwọn ọmọge òdìkejì yẹn ti tò sílẹ̀ o. Ṣé kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n bá ọ ṣa tìẹ?"

Mo pa fóònù. Mo wo tẹlifíṣọ̀n. Ilé-ìṣọ́ yẹn náà ni. Mo ti rí i ní ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwa ṣe ń ra ìdì aṣọ. A kì í tú u tán. A ó fi ọ̀bẹ ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, a ó fa mẹ́ta tàbí mẹ́rin jáde. A ó na ọrùn rẹ̀ wò, a ó gbóòórùn abíyá rẹ̀. Mẹ́rin yẹn á sọ ohun tí ọgọ́rùn-ún tó kù jẹ́. Ogún ọdún ni mo ti ń ṣe é, mo sì máa ń fi yangàn pé ọwọ́ mi kì í purọ́ fún mi.

Mo wí fún ara mi pé, ìlú méjìlá ni, mo sì ti fa mẹ́rin jáde. Kí ló tún kù tí n óò wò?

Mi ò pa ẹ̀rọ náà. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n burúkú mi ti bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé ti fi han mí pé nọ́ńbà kan wà nígun ojú tẹlifíṣọ̀n tó ń ka iye wákàtí tí èèyàn ti fi gbá a. Ìwé ni mi ò mọ̀, mo mọ nọ́ńbà. Mo fi Má-sinmi sílẹ̀ lórí ilé-ìṣọ́, ó ń mí gúlegúle, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ̀wù rẹ̀, wákàtí ń kà. Mo gbé àpò mi, ó di ọjà.

Kóòtù yẹn dára o. Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo ṣa èyí tó dára jù níwájú àwọn ọmọge yẹn, Oníbàtà ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wò ó, ọ̀gágun ti dé!"

Mo padà sílé kí Akọ̀wé tó dé. Mo jókòó, mo gbé páàdì, ohun tí a fi ń tẹ géèmù náà, lé itan.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá mi. Mélòó lẹ ṣí?"

"Méjì. Ìkarùn-ún àti ìkẹfà."

"Báwo ni wọ́n ṣe rí?"

"Báwo ni wọn ì bá ṣe rí? Ilé-ìṣọ́, ẹnubodè, fìlà irin, iná, fèrè."

Ó tẹ̀ síwájú, ó wo nọ́ńbà. "Wákàtí méje lónìí nìkan! Háà, Màmá mi."

Ó wọ yàrá, ó mú ìpara tí wọ́n fún un fún ìrora jáde. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi. Ọwọ́ òsì nìkan ló ní, ó fi ń ra àtàǹpàkò mi, ó ń fẹ́ ẹ.

"Ẹ má bínú," ló ń wí. "Ẹ má bínú pé mo fi èyí jẹ yín níyà."

Ọwọ́ tó ń ra yẹn, kóòtù ló fi ọjọ́ náà ṣà. Mo gbójú sókè, mo ń wo àjà. Mo ti ta aṣọ tó ya fún èèyàn rí, mo ti fi bọ́tìnì tuntun bo ihò rí, ojú ò tì mí. Lọ́jọ́ yẹn, ojú tì mí. Ká ní mo sọ ọ́ nígbà náà ni, ọjọ́ kan péré là bá pàdánù.

Lọ́jọ́rú, mo tún lọ. Kóòtù wà nílẹ̀, àwọn tó fẹ́ rà á ń bọ̀, mo ní ọjọ́ kan ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Irọ́ àkọ́kọ́ ló ń wúwo, ẹ̀yin èèyàn mi. Èkejì, bí ẹni gbé e lé kẹ̀kẹ́ ni.

Nírọ̀lẹ́, mo kà á fún un, ìkeje, ìkẹjọ, ìkẹsàn-án.

Ó ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òsì, lẹ́tà rẹ̀ ń wọ́ bí alángbá. Ó dúró. "Màmá mi, kò sí nǹkan kan tó yàtọ̀ rárá? Ó ń yà mí lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n wo ìkẹjọ yẹn fúnra mi díẹ̀."

Mo yára ní, "Ẹ̀rọ náà ti gbóná, jẹ́ kó sinmi. Ìwọ náà, oògùn rẹ ti ń fa oorun sí ọ lójú. Ṣé o fẹ́ kó jóná ni?"

Mo wá rí i pé kò tíì gbà mí gbọ́. Ní ọjà, irọ́ tí kò bá ní iyọ̀, ta ni yóò rà á? Mo bù díẹ̀ sí i.

"Ó yàtọ̀ díẹ̀," mo ní. "Ní ìlú kẹsàn-án, wọ́n gba ẹṣin dúdú lọ́wọ́ Má-sinmi, wọ́n fún un ní funfun."

"Ẹ ò rí nǹkan! Irú rẹ̀ ni mò ń wá." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fa ìlà sí i nídìí.

Ọjọ́bọ̀, ìkẹwàá dé ìkejìlá. Nọ́ńbà ti di wákàtí mọ́kànlélógójì. Ó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà, ìka òsì kan ṣoṣo ló fi ń tẹ̀ ẹ́, tá, tá, tá, bí ẹyẹ tó ń ṣa ọkà. Nígbà tó parí, ó kà á sí mi létí.

"Láti ìlú kẹta dé ìkejìlá, ohun kan náà ni wọ́n ń gbé síwájú wa. Àwọn tó ṣe eré yìí kò ní ìtàn mìíràn láti sọ ju kí á pa, kí á sun, kí á kọjá. Ẹṣin funfun ìlú kẹsàn-án nìkan ni ohun tuntun tí wọ́n rí fún wa."

Ó gbójú sókè. "Ṣé n kò bú wọn jù, Mà? Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ní àwọn fi ṣe é. Èèyàn ni wọ́n. Ṣé ó dá yín lójú?"

Ìbéèrè yẹn, inú mi ló ń gbé títí di òní. Ilẹ̀kùn ni ó ṣí sílẹ̀ fún mi gbayawu. Kí n kàn gba ibẹ̀ jáde ló kù.

Mo ní, "Fi ránṣẹ́."

Ọjọ́ Jímọ̀, ìwé jáde, géèmù náà bọ́ sígboro. Olóòtú fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú, òun fẹ́ràn rẹ̀, kó wá rí òun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nítorí tábìlì náà. Ọmọ mi na ojú ìwé náà sórí ibùsùn, ó ń fi ìka tọ orúkọ ara rẹ̀.

Sátidé, fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ló ń bínú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe."

Ọjọ́ Àìkú, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ń ká kóòtù nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ jáde. "Ẹ gbọ́ eléyìí, Mà. 'Ẹṣin funfun wo? Ta ló rí ẹṣin funfun?' Ẹ gbọ́ eléyìí náà. 'Ìwọ akọ̀wé, ṣé o tiẹ̀ dé ìlú keje kí oorun tó gbé ọ lọ?'"

"Bóyá tiwọn yàtọ̀ sí tiwa," mo ní. Mi ò gbójú kúrò lára kóòtù.

"Géèmù kan náà ni, Mà."

"Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Wọ́n ń jowú rẹ ni."

Ọjọ́ Ajé, ó ti wọ bàtà tán, ó fẹ́ máa lọ síbi iṣẹ́, ni olóòtú pè. Nítorí ọwọ́ rẹ̀, ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó sọ ọ́ di èyí tí gbogbo ilé ń gbọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá."

"Káàárọ̀. Ìbéèrè kan ni. Ṣé o gbá eré yẹn dé òpin?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá. Ọwọ́ mi kán lóòótọ́, mi ò sọ fún yín, ẹ dárí jì mí. Màmá mi ló bá mi tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n wákàtí mọ́kànlélógójì ni a fi gbá a, ó wà níbẹ̀, mo lè yà á ní fọ́tò fún yín."

"Màmá rẹ. Ó dáa. Ní ìlú keje, ìyá arúgbó kan jókòó lẹ́nu ibodè. Kí ló fún jagunjagun náà?"

Ọmọ mi yí ojú sí mi. Kò sí ìfura kankan lójú rẹ̀. Bí ẹni bi ìyá rẹ̀ pé níbo ni iyọ̀ wà ló ṣe wò mí.

Mo lè mi orí. Mo lè ní mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ogún ọdún ọjà wà lẹ́nu mi, oníbàárà kì í bi mí ní nǹkan kí n má fún un lésì. Mo rọra fi ètè sọ ọ́ fún un, "Idà."

"Idà ni, Ọ̀gá," ni ọmọ mi wí. Ohùn rẹ̀ mọ́ kedere. "Idà ló fún un."

"Kò sí ìyá arúgbó kankan níbẹ̀," ni olóòtú wí. "Èmi ni mo dá a sílẹ̀."

Mo gbọ́ aago ara ògiri.

"Mo gbá a fúnra mi lánàá," ló ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ní ìlú keje, ibodè ti wà ní ṣíṣí. Kò sí ọ̀tá. Àwọn ará ìlú mẹ́fà tí a ti sun ilé oúnjẹ wọn ló wà níbẹ̀, ebi ń pa wọ́n. Wọ́n gba idà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Láti ibẹ̀ dé ìkejìlá, kò pa ẹnikẹ́ni mọ́. Omi ló ń pọn, òkúta ló ń gbé, ó ń tún ohun tó bàjẹ́ kọ́. Tìtorí ìyẹn ni wọ́n fi jẹ́ kí mẹ́fà àkọ́kọ́ jọra. O sì sọ fún ogunlọ́gọ̀ èèyàn pé wọn kò ní ìtàn kankan láti sọ."

"Ọ̀gá..."

"Má wá lọ́la. N óò kọ àtúnṣe fúnra mi."

Ó já a.

Akọ̀wé kò pariwo. Ó yọ bàtà rẹ̀ kan, ó gbàgbé ìkejì sẹ́sẹ̀.

"Màmá mi, ìlú mélòó lẹ ṣí?"

"Mẹ́rin."

"Mẹ́ta tí a jọ ṣí..."

"Àti ọ̀kan lọ́jọ́ Ajé."

"Wákàtí yẹn ńkọ́?"

"Mo tàn án sílẹ̀ ni. Ọjà ni mo wà."

"Ẹṣin funfun?"

Kí ni mo fẹ́ wí? Pé iyọ̀ ni?

Ó na apá, ó fa wáyà ẹ̀rọ náà yọ lára ògiri. Lẹ́yìn náà ló wí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "Ẹ̀ bá ti sọ fún mi pé ó rẹ̀ yín. Ǹ bá wá ẹlòmíràn. Ẹ̀ bá kàn sọ."

Ó lọ síbi iṣẹ́ jígí rẹ̀. Inú bí mi, ẹ gbọ́ o, inú bí mi sí olóòtú, inú bí mi sí àwọn tó ṣe géèmù. Mo ní, bí nǹkan rere bá wà nínú ìdì, kí ló dé tí wọn kò fi í sókè? Mo ń bá ara mi jà kiri pálọ̀. Nígbà tó yá, kò sí ẹni tí n óò bá jà mọ́, ó wá ku èmi nìkan.

Ọjọ́ kejì, mo wọ aṣọ, mo lọ sí ọ́fíìsì ìwé ìròyìn yẹn. Mo rí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé náà. Kò tíì sí ẹnikẹ́ni nídìí rẹ̀. Olóòtú fún mi ní àga, mo kọ̀, mo kúnlẹ̀. Èmi tí mi ò kúnlẹ̀ fún onílé nígbà tí ọkọ mi kú.

"Mama, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́."

"Èmi ni mo purọ́. Kò mọ̀. Ẹ gbé e fún un."

"Mo gbà pé kò mọ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ló kọ sábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe tiyín. Ó ní òun rí ohun tí kò rí. Iṣẹ́ kí lẹ̀ ń ṣe, Mama?"

"Aṣọ ni mò ń tà."

"Bí ẹni tó ń bá yín ra ìdì bá ní òun ti yẹ̀ ẹ́ wò, tí ẹ wá rí i pé ẹlòmíràn ló rán, tí ẹni yẹn náà kò sì yẹ̀ ẹ́ wò, ṣé ẹ ó tún rán an?"

Mo dìde. Mo gbọn orúnkún mi nù, mo jáde.

Àtúnṣe náà jáde lójú ìwé tó kẹ́yìn, ìlà mẹ́ta. Orúkọ ọmọ mi wà níbẹ̀. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé tábìlì náà fún ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ń dúró dè é.

Mo tún wáyà yẹn kì bọ ara ògiri. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi pa ìsọ̀ mi tì lọ́sàn-án, Oníbàtà ń pè, mi ò gbé e. Mo ṣí ìkarùn-ún. Mo ṣí ìkẹfà. Mo dé ìkeje.

Mo wọlé pẹ̀lú idà lókè, mò ń wá ẹni tí n óò ṣá. Wọ́n kàn jókòó sórí ẹrù wọn ni. Bí kò bá sí ẹni tó sọ fún mi, ojú aláṣọ tèmi á ti mọ̀ wọ́n: ará ìlú kìíní ló ń wọ aró, ti ìlú kejì ń wọ àwọ̀ ilẹ̀, èmi sì ti gba àárín wọn kọjá rí láìwo ojú ẹnì kan. Ọmọdé kan ń wo ọwọ́ Má-sinmi. Mo tẹ bọ́tìnì idà. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́. Kò jáde mọ́.

Mo fi ọwọ́ bo ojú mi nínú pálọ̀ mi, èmi nìkan.

Mo dé ìkejìlá. Nígbà tí Akọ̀wé wọlé ní ìrọ̀lẹ́, mo ní, "Akọ̀wé, mo ti dé òpin rẹ̀."

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà," ló wí. Ó sì wọ yàrá lọ. Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá ràn mí lọ́wọ́.

Wọ́n ti gé pílásítà náà kúrò. Ọwọ́ ti jinná. A jọ ń jẹun, a jọ ń sọ̀rọ̀, kò fi ọ̀wọ̀ mi dù mí rí. Ó ti tún ń kọ̀wé ránṣẹ́ sí ibòmíràn, mi ò mọ ibẹ̀, kò sọ, mi ò bi í.

Ẹ̀yin ìyá tó ń kà mí, mi ò ní ìmọ̀ràn púpọ̀. Tí ọmọ yín bá ní kí ẹ lọ wo nǹkan wá fún òun, tí ó sì sú yín, ẹ sọ pé ó sú yín. Ọmọ kì í kú nítorí ìyá rẹ̀ ní ó rẹ òun. Ẹ má ṣe bíi tèmi, ẹ má fi ojú tí kò dé ibẹ̀ jẹ́rìí. Irọ́ tí mo pa fún àwọn oníbàárà, wọ́n gbé e lọ sí ilé wọn. Èyí, èmi àti ẹni tí mo pa á fún la jọ ń gbé.

Lánàá, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo rí i bí ojú ọ̀run ṣe ṣú. Mo pè é láti ibẹ̀, "Akọ̀wé, òjò ń bọ̀ o! Kó aṣọ wọlé!"

Láyé ijọ́un, kí n tó pa ẹnu dé ni ì bá ti jáde.

Ó dìde lórí àga. Ó lọ sí ojú fèrèsé, ó fa kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó na ọrùn, ó wo òkè fúnra rẹ̀. Ó wò ó dáadáa.

Lẹ́yìn ìyẹn ló tó lọ kó aṣọ.